Orí Bátìrì Tí Wọ́n Fi Àkísà Wé

Bóòtù ni wọ́n bá níbi tó yẹ kí fíúsì wà.

Àǹtí Ìbéèrè kúnlẹ̀ sínú eérú, ó fi àtàǹpàkò nu dúdú ojú rẹ̀ kúrò, ó tún un wò. Bóòtù ni lóòótọ́, bóòtù irin kúkúrú kan báyìí, tí iná ti yọ́ etí rẹ̀ mọ́ irin tó dì í mú. Inú ilé kékeré onítáyà méjì ló wà, irú ilé tí jíìpù máa ń fà lẹ́yìn wọ inú igbó. Ilé ọ̀hún ti di páànù gbígbẹ. Ní ọ̀sán àná, inú rẹ̀ ni Awọnlẹ̀ sùn sí lágbàlá ilé ìyá rẹ̀ tí iná fi jó o pa. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń ti bọ̀, ó sì ti wakọ̀ mọ́jú. Ó kàn ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ ni.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa lọ," Kọ́púrà wí lẹ́yìn rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. "Ẹjọ́ ti parí. Àbúrò òkú ti jẹ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Ó ní òun lòun da bẹntiróò sí i, tóun ṣáná sí i. Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ kọ ìwé yín kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́, kí wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù."

"Ta ló bi í léèrè?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi í. Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn wá bá wa."

"Ohun tí ò jẹ́ kó dùn mọ́ mi nìyẹn."

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ṣì wà nínú ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n Àǹtí Ìbéèrè ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é. Àwọn díẹ̀ ń fi ṣeré, àwọn tó pọ̀ jù ń fi bú u. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí wọn ò fẹ́ dáhùn. Àwọn tó wọṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ti ń jókòó sórí àga ọ̀gá, òun ṣì ni wọ́n ń rán lọ kúnlẹ̀ nínú eérú. Nígbà tó bá sì rí òótọ́ gbé wálé, kì í sẹ́ni tó ń kí i kú iṣẹ́. Ẹkún ló máa ń bá a pàdé.

Ó dìde, ó yí ilé onítáyà náà po. Ẹni tó bá da bẹntiróò sí nǹkan lára, ìsàlẹ̀ lara nǹkan ọ̀hún ti máa kọ́kọ́ jó. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ilé yìí ṣì ń dán. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni iná ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wáyà ńlá kan gbà kọjá lábẹ́ fóòmù. Wáyà náà ti jó dìhòòhò láti ibi ìkọ́ tí jíìpù fi ń fà á, títí dé ìdí àpótí kan tí iná ti yọ́ pọ̀ nínú ilé náà. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò méjì wà lẹ́yìn jíìpù, méjèèjì kún dẹ́nu.

"Wáyà ló jó," ó wí.

Kọ́púrà rẹ́rìn-ín. Ó ti ń retí gbólóhùn yìí. Ó lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù, ó sì nàka sí i bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. "Ẹ wá wo èyí ná. Wọ́n ti yọ orí bátìrì. Bá a ṣe bá a nìyẹn. Jíìpù ló ń gbé iná fún wáyà yẹn, àbí? Orí bátìrì jíìpù ò sí níbẹ̀. Ibo ni wáyà ti ráná? Ọwọ́ èèyàn ló dáná yẹn, Àǹtí."

Àǹtí Ìbéèrè wo orí bátìrì náà pẹ́. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lórí ìdí rẹ̀, wọ́n fi àkísà aṣọ aláró wé e bí ọmọ tuntun, wọ́n sì rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ti dá nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà sórí bóòtù tó ti wá, wọ́n fọwọ́ lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kó má baà sọnù. Ẹni tó ń kánjú pààyàn kì í ṣètò báyìí. Ṣùgbọ́n kò ní èsì fún ọ̀rọ̀ Kọ́púrà, inú sì bí i pé kò ní. Ó yọ fóònù, ó ya àwòrán rẹ̀.

Aránṣọ kan ń ránṣọ lójúde ilé kejì. Àǹtí Ìbéèrè kò tíì gbé ìbéèrè dé ẹnu tí obìnrin náà fi dá a lóhùn.

"Mo gbọ́ ọ. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Lálẹ́ ìjẹ́ta, orí fóònù ni wọ́n ti jà. Ẹ̀gbọ́n ní òun ń bọ̀ wá gbé ìyá wọn lọ sọ́dọ̀ òun. Àbúrò ní ìyá ò lọ síbì kankan. Ó ní, 'Tó o bá gbé Màmá sínú páálí onítáyà yẹn, màá dáná sun ún!' Etí mi yìí ni."

"Lánàá ńkọ́? Kí lẹ rí?"

"N ò rí nǹkan kan. Ìyá wọn ń rìn lọ rìn bọ̀ lágbàlá, bó ṣe máa ń ṣe. Àbúrò wà lẹ́yìnkùlé, ó ń jó irin tiẹ̀. Mo ranjú mọ́ ẹ̀rọ mi. Ìgbà tí mo gbójú sókè, iná ewé yẹn ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, mo ní háà, ó mà rẹwà o. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí èéfín yọ."

"Iná ewé wo?"

"Gílóòbù kékeré kan báyìí, àwọ̀ ewé ló ní. Kò tàn láàárọ̀ tó dé. Ọ̀sán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn."

Àǹtí Ìbéèrè kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

*

Jórinjórin ni wọ́n ń pe àbúrò náà, torí iṣẹ́ irin jíjó tó ń ṣe. Géńdé alágbára ni ọkùnrin yìí, ọwọ́ rẹ̀ nípọn, iná iṣẹ́ ti fi àmì sí i káàkiri. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yàrá ìbéèrè bíi pé wọ́n kàn án mọ́ ọn.

"Ibo lo da bẹntiróò sí?"

"Ara ẹ̀. Gbogbo ara ẹ̀."

"Látinú kẹ́ẹ̀gì wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn jíìpù."

"Méjèèjì kún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí wọn ni."

"Mo ní tèmi lọ́wọ́."

"Ó wà níbo?"

"Mo ti jù ú nù."

"Orí bátìrì jíìpù ńkọ́? Ta ló yọ ọ́?"

Ìyẹn ló jẹ́ kó gbójú sókè, ìdáhùn rẹ̀ sì yá jù. "Èmi ni. Èmi ni mo yọ ọ́."

"Kí lo yọ ọ́ fún?"

"Kí... kí ọkọ̀ má baà lè gbéra."

"Ẹni tó ń sùn lẹ́yìn ló máa wá wa ọkọ̀ níwájú?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ohùn rẹ̀ sì ń ti àárín ìka jáde. "Ẹ̀yin ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Èmi ni mo pa ẹ̀gbọ́n mi."

Ohun tó rú Àǹtí Ìbéèrè lójú nìyẹn. Irọ́ ni gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ti ń pa bọ̀, irọ́ burúkú tí ọmọdé á já. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí, ọkàn rẹ̀ gan-an ló ti wá.

*

Réwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tó ṣiṣẹ́ jíìpù náà, ti dìde dúró kí wọ́n tó wọlé. Jíìpù mìíràn ló la ẹnu sílẹ̀ níwájú rẹ̀, gílóòbù ńláńlá mẹ́rin lórí, wáyà oríṣiríṣi ń yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀.

"Èmi lẹ wá mú?"

"Ìyẹn dọwọ́ ẹnu yín. Ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe fún Awọnlẹ̀, kẹ́ ẹ ṣàlàyé ẹ̀ bíi pé òpè ni mí."

Ó mú ẹfun ìkọ̀wé, ó lóṣòó, ó sì ya á sórí sìmẹ́ǹtì. Ó ya bátìrì jíìpù sápá kan. Ó fa wáyà láti ibẹ̀ gba abẹ́ ọkọ̀, gba ìdí ìkọ́, wọ inú ilé onítáyà. "Tí jíìpù bá ń rìn, á máa bá a gbé iná lọ sẹ́yìn. Iná yẹn ló ń gbé fáànù, òun ló ń gbé fíríìjì. Torí fíríìjì ni gbogbo ẹ̀. Màmá wọn ní àtọ̀gbẹ, fíríìjì ilé ti bàjẹ́, inú ilé onítáyà yẹn ni Awọnlẹ̀ máa ń kó abẹ́rẹ́ Màmá sí bọ̀ láti ìgboro. Ó ní, 'Bọ̀dá, ẹ bá mi ṣe é dáadáa o, abẹ́rẹ́ yẹn ò gbọdọ̀ gbóná.' Mo sì ṣe é dáadáa! Fíúsì méjì ni mo fi sí i, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì?"

"Torí bátìrì méjì ni." Ó ya ìkejì sí òpin ìlà náà. "Ọ̀kan wà nínú jíìpù, ọ̀kan wà nínú ilé. Wáyà yìí, ọ̀tún ń fún un níná, òsì ń fún un níná."

Àǹtí Ìbéèrè nàka sí bátìrì àkọ́kọ́. "Tí mo bá yọ orí bátìrì jíìpù ńkọ́?"

"Jíìpù kú. Wáyà ò kú. Ti ẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀."

"Ta ló mọ èyí?"

"Ẹni tó bá ti fa irú ẹ̀ rí. Ọkọ̀ àtijọ́, bátìrì kan ṣoṣo ló ní. Yọ orí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ kú fin-ín. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn, kí n tó lọ kọ́ tuntun."

"Gílóòbù ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́?"

"Èmi ni mo fi síbẹ̀. Tí iná bá wà nínú wáyà, á tàn. Tí fíúsì bá jó, á kú."

Kọ́púrà ti dẹ́kun ẹ̀rín. Àǹtí Ìbéèrè wo àwòrán ẹfun náà, ohun gbogbo sì ń tò lọ́kàn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Fíúsì méjèèjì ti jó lójú ọ̀nà, torí nǹkan kan ti ń ge wáyà. Ìdí nìyẹn tí iná ewé kò fi tàn láàárọ̀. Ẹnì kan rí i pé kò tàn. Ẹni náà yọ orí bátìrì jíìpù kí ọwọ́ rẹ̀ má baà bá iná pàdé, ó wá lọ sẹ́yìn, ó fi bóòtù, tí kì í jó kó gé iná, rọ́pò fíúsì. Iná ewé bá tàn. Ẹni tó yọ orí bátìrì kò fẹ́ dáná sun ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ló ń ṣe, ó sì rò pé òun ti pa wáyà kóun tó fọwọ́ kàn án.

Ó na fóònù sí Réwáyà. "Ẹ wo bó ṣe tọ́jú nọ́ọ̀tì yẹn. Ẹ wo àkísà."

Réwáyà wò ó, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. "Iṣẹ́ ọ̀gá mi nìyí."

"Ọ̀gá yín wo?"

"Bàbá Jórinjórin. Réwáyà ni bàbá wọn. Tó o bá yọ orí bátìrì, o gbọ́dọ̀ dá nọ́ọ̀tì padà sídìí ẹ̀, kó o fi àkísà wé orí. Tó o bá gbé nọ́ọ̀tì sílẹ̀, ìkó á balẹ̀ lórí ẹ." Ó fọwọ́ kan àtàrí bíi pé ó ṣì ń dùn ún. "Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti kú."

"Ta ló tún kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

"Àwa méjì péré. Ìkejì mi ti lọ sókè òkun."

Ìgbà tí Réwáyà rí bí Kọ́púrà ṣe ń wo òun ló tó mọ ohun tí òun sọ. "Ẹ gbà mí o! Èmi ò débẹ̀ lánàá! Ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni mo wà látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n kán nǹkan sójú mi, n ò tiẹ̀ ríran wá ilé, ìyàwó mi ló fà mí lọ́wọ́!" Ó ń wá káàdì ilé ìwòsàn nínú àpò. Déètì àná ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú wákàtí tó dé àti wákàtí tó kúrò.

Àǹtí Ìbéèrè dá káàdì padà fún un. Ó ti ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tó yíjú padà. "Nígbà tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́, tí bàbá bá wọ abẹ́ ọkọ̀, ta ló máa ń bá wọn mú iná dání?"

Réwáyà ronú díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó dá a lóhùn. Kò mọ bí ìdáhùn òun ti wúwo tó.

Àǹtí Ìbéèrè bu ẹfun kan sínú àpò rẹ̀, ó jáde.

*

Wọ́n gbé bátìrì ọkọ̀ àgọ́ sórí tábìlì níwájú Jórinjórin, pẹ̀lú sípánà kan.

"O ní ìwọ lo yọ orí bátìrì. Yọ èyí kí n rí i."

Ó wò ó bí ẹni tó ń wá ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ irin kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó tú nọ́ọ̀tì. Ó fi eyín gbá a mú, bí àwọn oníṣẹ́ irin ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dí, ó fa orí yọ, ó sì jẹ́ kó já bọ́ sórí tábìlì.

"Jẹ́ kí nọ́ọ̀tì yẹn wà lẹ́nu ẹ," Àǹtí Ìbéèrè wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó gbé fóònù sí iwájú rẹ̀. "Ìwọ kọ́ lo ṣe èyí."

Ọkùnrin náà wo àkísà aláró inú àwòrán. Ó bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré, nọ́ọ̀tì náà sì bọ́ sílẹ̀.

"Ara ìró Màmá ni wọ́n ti fa àkísà yẹn ya," ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Mo rí wọn nídìí jíìpù pẹ̀lú sípánà bàbá wa. Mo rò pé wọ́n kàn ń tún ibẹ̀ ṣe ni. Lẹ́yìn tí iná kú, mo rí agolo bóòtù bàbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yẹn. Mo gbé e pamọ́. Mo ti mọ̀."

"Ìyẹn lo fi wá síbí."

"Ẹ má sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Wọ́n ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé e. Ẹ̀bi mi náà ṣáà ni. Èmi ni mo jó ìkọ́ yẹn fún ẹ̀gbọ́n mi. N ò fi fáìlì họ etí ẹ̀. Mo ní màá ṣe é tó bá padà dé. Etí irin yẹn ló ge wáyà."

Ó ti wá ye Àǹtí Ìbéèrè ìdí tí gbólóhùn yẹn fi dún bí òótọ́.

"Wọ́n máa ti ẹ́ mọ́lé títí tó o fi máa kú," ó wí. "Ta ló máa gún Màmá lábẹ́rẹ́?"

Ó kàn ń wí pé, "Ẹ má sọ fún wọn," lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí wọ́n fi mú un padà lọ sí àtìmọ́lé.

Nínú ọkọ̀, Kọ́púrà di kọ́kọ́rọ́ mú, kò tíì ṣáná sí ọkọ̀. "Àǹtí, kò sẹ́ni tó máa bi yín tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ bó ṣe jẹ́wọ́."

"Mo mọ̀."

"Ọ̀gá gan-an máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Wa ọkọ̀."

Inú ń bí i sí gbogbo ayé. Inú ń bí i sí Awọnlẹ̀ tó nífẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ débi tó fi fa wáyà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, inú ń bí i sí òkú réwáyà tó kọ́ ìyàwó ní àbọ̀ iṣẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, inú ń bí i sí ara rẹ̀, torí pé ó wá ọ̀rọ̀ yìí rí.

*

Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Yàrá náà mọ́ tónítóní. Fọ́tò ọkọ rẹ̀ wà lára ògiri nínú aṣọ iṣẹ́, sípánà sì wà lórí fèrèsé, tí wọ́n ti nù tó ń dán.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá."

"Ọmọ mi, jókòó. Wọ́n ní ìwọ lo mọ ìbéèrè bi. Bá mi bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi mú ọmọ mi kejì. Ọ̀kan ti kú. Ṣé wọ́n fẹ́ gba méjèèjì ni? Ọmọ yẹn kò ṣe é. Ariwo lásán ló mọ̀ ọ́n pa. Láti kékeré, ariwo ni."

"Mo mọ̀ pé kò ṣe é, Màmá."

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ."

Ó ti gbìyànjú látinú ọkọ̀ láti to ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tí kò fi ní pààyàn. Kò rí i tò. Ló bá bi í ní ìbéèrè, torí òun ló mọ̀ ọ́n ṣe. "Màmá, lánàá, ẹ dé ìdí jíìpù?"

"Mo débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sùn fọnfọn, ó ti rẹ̀ ẹ́, mo ní n ò ní jí i. Mo kàn rí i pé iná ewé ò tàn. Ó ti sọ fún mi pé tí kò bá tàn, fíríìjì á gbóná. Mo mọ̀ pé fíúsì ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá bàbá wọn mú iná dání, kí ni wáyà fẹ́ ṣe tí n ò mọ̀? Tí fíúsì ò bá sí nígbà náà, bóòtù ni wọ́n máa ń fi dí i kí ọkọ̀ tó délé." Ó jókòó dáadáa, ojú rẹ̀ sì tàn díẹ̀. "N kì í ṣe aláìmọ̀kan o. Mo kọ́kọ́ yọ orí bátìrì. Mo wé e. Mo dá nọ́ọ̀tì padà. Ìgbà tí mo parí, ó rẹ̀ mí, mo ní kí n jókòó díẹ̀ kí n tó lọ dá orí bátìrì padà. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti gbọ́ ariwo."

Kọ́púrà yíjú sóde lẹ́nu ọ̀nà.

"Ohun tí mo ń rò látàná nìyẹn," Màmá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Mo ti pa wáyà yẹn. Wáyà tó ti kú, ọmọ mi, báwo ló ṣe jó ọmọ mi?"

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àǹtí Ìbéèrè ti ń bi àwọn èèyàn, ẹnikẹ́ni ò bi í ní irú èyí rí. Ó yọ ẹfun inú àpò rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, ó ya bátìrì jíìpù. Ó fa wáyà gba abẹ́ ọkọ̀, gba ìdí ìkọ́, wọ inú ilé onítáyà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró sí. Kò lè ya ìyókù.

Màmá tẹ̀ síwájú, ó wo àwòrán náà. Kò sẹ́ni tó nílò láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka irú rẹ̀. Ìka rẹ̀ tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí dé ibi tó ti dá dúró.

"Fáànù ń fẹ́ nígbà tí jíìpù dúró," ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kí ló wà níbí?"

"Bátìrì ni, Màmá. Ìkejì."

Ìka náà kò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ aránṣọ ń dún ní ilé kejì, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ lọ tú ọmọ mi sílẹ̀," Màmá wí nígbà tó yá. Kò sunkún. Ó ń wo fọ́tò ara ògiri. "Iná ewé yẹn. Mo rí i tó tàn. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá wọn."